Ìkùukùu Orí, Nǹkan Oṣù Tó Ń Palẹ̀ Mọ́, àti Áàpù Kan Tí Mo Lò Fún Oṣù Mẹ́fà

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi san owó áàpù kan lórí fóònù mi, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti ń palẹ̀ mọ́ láti dáwọ́ dúró. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ wọn nínú, àti nítorí pé àwọn áàpù irú rẹ̀ tí mo ti rí jọra débi pé ohun tí a bá sọ nípa ọ̀kan yóò ta bá èkejì. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ìwé àkọsílẹ̀ tí ènìyàn ń kọ lálaalẹ́, ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjìlá, ìpè onífídíò pẹ̀lú dókítà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì-méjì, àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn àti ohun èlò àyẹ̀wò. Ìwé àkọsílẹ̀ náà àti dókítà tó yẹ̀ mí wò tó owó tí mo san, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ dára ní apá kan, kò dára ní apá kejì. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni èmi àti wọn jọ ní ẹjọ́.

Ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀ ni pé iyè mi bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ọmọ ọdún 47 ni mí, iṣẹ́ mi sì ni pé kí n máa ka ìwé àdéhùn, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ kan, mo dìde níwájú àwọn ènìyàn mẹ́jọ, mo fẹ́ pe ọ̀rọ̀ náà "onígbọ̀wọ́", tí mo ti ń pè lójoojúmọ́ fún bí ogún ọdún, n kò sì rí i pè. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, mo mọ ìlà tó wà nínú ìwé tí mo mú lọ́wọ́, ó wà lẹ́nu mi gan-an, ṣùgbọ́n kò jáde. Mo wá ń yí i po pé, "Ẹni yẹn, ẹni tó máa ń dúró fún ẹni tó yáwó," títí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi bá mi pè é. Ẹ̀rín ni gbogbo wa fi ṣe. Nígbà tí mo délé, n kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kẹrin irú rẹ̀ nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ti ń ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó wọ̀ mí lórí. Àrùn ìgbàgbé tó máa ń ṣe àwọn arúgbó ni ọkàn mi lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ sọ fún, ó sì dá mi lóhùn pé, "Àbúrò mi, ṣé nǹkan oṣù rẹ ṣì ń wá lásìkò?" Ìbéèrè yẹn yà mí lẹ́nu, nítorí n kò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ rí.

Wọ́n so pọ̀. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní perimenopause ni ọdún mélòó kan tó ṣáájú kí nǹkan oṣù tó dúró pátápátá. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí obìnrin bá ti pé ogójì ọdún, ó sì lè gba ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí oṣù 12 bá kọjá láìsí nǹkan oṣù rárá ni a tó lè sọ pé ó ti dúró, ọ̀pọ̀ obìnrin sì máa ń dé ibẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 55. Ní gbogbo àkókò yìí, èròjà estrogen inú ara, ìyẹn họ́mọ́ùnù obìnrin, kì í kàn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń gbẹ nínú ìkòkò. Ńṣe ló ń fò sókè tó sì ń já wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó lè pọ̀ rẹpẹtẹ lóṣù kan, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lóṣù tó tẹ̀lé e. Ọpọlọ wà lára àwọn ẹ̀yà tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èròjà yìí, pàápàá apá tí a fi ń tọ́jú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, àti apá iwájú tí a fi ń pọkàn pọ̀. Brain fog ni àwọn olóyìnbó sọ ọ́. Ìkùukùu orí ni èmi ń pè é, nítorí bí ìkùukùu òwúrọ̀ gan-an ló ṣe rí: ọ̀nà wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, ojú ni kò ríran dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àkọsílẹ̀, nítorí òun ló dára jù nínú áàpù náà. Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, fóònù yóò dún, yóò sì béèrè ohun márùn-ún péré: wákàtí mélòó ni mo sùn lánàá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ooru òjijì bò mí, ṣé ẹ̀jẹ̀ wá, báwo ni inú mi ṣe rí, àti báwo ni orí mi ṣe já geere tó lónìí, láti orí òdo dé orí mẹ́wàá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó hàn gbangba pé ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ẹni tí orí rẹ̀ ṣú kò ní sùúrù fún ogún ìbéèrè. Áàpù méjì tí mo ti dán wò ṣáájú béèrè títí dé ìwọ̀n ìgbáròkó mi, mo sì pa wọ́n rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Tí mo bá gbàgbé láti kọ ti àná, kò bá mi wí, kò sì yọ máàkì lára mi. Ó kàn fi àyè òfìfo sílẹ̀ fún ọjọ́ náà ni. Fún obìnrin tó ń gbàgbé nǹkan, ọ̀wọ̀ ńlá ni ìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni mo ṣí àwòrán tó fi àwọn ìdáhùn mi hàn ní ìlà-ìlà. Ìlà ooru òru àti ìlà orí tó já geere ń bá ara wọn jà bí orogún: bí ọ̀kan bá gòkè, èkejì yóò sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òru tí ooru bá bò mí lẹ́ẹ̀mẹta, orí mi kì í kọjá mẹ́rin lọ́jọ́ kejì. Òru tí mo bá sùn wákàtí méje láìjí, mo máa ń kọ mẹ́jọ, kódà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn. Títí di ìgbà náà, mo gbà pé wàhálà iṣẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ooru ló ń jí mi. Mo rò pé ìtọ̀ ni, nítorí pé bí mo bá ti jí, ibi ìtọ̀ náà ni mo máa ń gbà lọ. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi ní òru ni mo rí i pé ó tutù fún òógùn.

Ibi tí àkọsílẹ̀ yìí kù sí ni pé ohun tí ènìyàn mọ̀ nìkan ló lè kọ. Ní ọdún 2008, ọ̀jọ̀gbọ́n Pauline Maki àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ lé ara àwọn obìnrin tí ooru òjijì ń dà láàmú, kí ẹ̀rọ náà lè máa ka iye ìgbà tó ń mú wọn. Iye tí ẹ̀rọ kà ju iye tí àwọn obìnrin náà fúnra wọn kà lọ, àwọn tí ẹ̀rọ sì kà púpọ̀ fún ni ìrántí ọ̀rọ̀ wọn kù díẹ̀ káàtó jù. Áàpù náà lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ èyí fún olùlò rẹ̀, pé kí ó má ṣe ka òru tí kò rántí ohunkóhun sí òru àlàáfíà. Kò sọ ọ́.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ náà ni eré ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ 15 hàn ọ́, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á ní kí o pè wọ́n padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí o fi àmì bá àmì mu kíákíá. Lópin rẹ̀, máàkì kan yóò jáde lórí ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú àwọ̀ ewé bí ó bá gòkè àti àwọ̀ pupa bí ó bá já wálẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe ìdánwò kan náà lọ́pọ̀ ìgbà tí kò ní mọ̀ ọ́n ṣe sí i, nítorí náà "ìlọsíwájú" tí wọ́n ń kí mi kú oríire rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò sọ ohunkóhun nípa ọpọlọ mi. Ìwádìí SWAN ní Amẹ́ríkà, tó ti ń tẹ̀lé àwọn obìnrin láti àárín àwọn ọdún 1990, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa: nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009, wọ́n dán obìnrin 2,362 wò léraléra fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ìyípadà náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ lára wọn àti àwọn tó ti kọjá rẹ̀ ń mọ ìdánwò náà ṣe sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàárín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí èrè àṣetúnṣe yẹn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọra rí: kì í ṣe pé ìmọ̀ wọn wó lulẹ̀, ẹ̀kọ́ tuntun ni kò tètè wọlé, ó sì tún ń wọlé padà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró. Áàpù yìí mú ọ̀rọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ di àwọ̀ pupa. Lọ́sẹ̀ tí mo sun wákàtí mẹ́rin péré ní alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, máàkì mi já wálẹ̀ ní mẹ́sàn-án, n kò sì lè fojú ba oorun lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí máàkì. Mo wá bọ́tìnì tí mo lè fi pa eré náà tì, kò sí. Bí ènìyàn ṣe lè gbé e kúrò lójú nìkan ló wà.

Ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjìlá náà jẹ́ ohùn obìnrin kan tí kò kánjú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo sì gbádùn ohùn náà. Ẹ̀kọ́ lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá kò ní ohun tí ènìyàn kò tíì gbọ́ rí. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta lórí oorun ló lágbára jù, nítorí pé orí CBT ni wọ́n gbé e kà, ìyẹn ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìṣe ènìyàn ṣe, èyí tí ẹgbẹ́ The Menopause Society ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2023 fún àwọn tí ooru òjijì ń yọ lẹ́nu. Ó kọ́ mi pé kí n má ṣe dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn kí n máa ka wákàtí tó kù kí ilẹ̀ mọ́, pé bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí oorun kò wá, kí n dìde. Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán.

Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé ohun tó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ kọkànlá ni wọ́n fi í sí. Níbẹ̀ ni ohùn náà ti sọ pé nínú ìwádìí SWAN kan náà, 31% lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn kò tíì yí padà ló sọ pé àwọn ń gbàgbé nǹkan, ó sì di 44% láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìyípadà náà. Níbẹ̀ náà ni ó ti sọ pé bí wọ́n bá dán àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ló ṣì wà ní ìwọ̀n tí ó tọ́ fún ọjọ́ orí wọn, àti pé àrùn ìgbàgbé kò wọ́pọ̀ rárá kí ènìyàn tó pé ọdún 65. Mo jókòó sí etí ibùsùn, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, omi sì bọ́ lójú mi. Ẹ̀rù ti bà mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí kò yẹ kí ó bà mí, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ìbá mú un kúrò wà nínú fóònù tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n fèsì pé ètò ẹ̀kọ́ náà "ń gbé ènìyàn gòkè ní ìpele-ìpele". Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò nílò ìpele.

Dókítà náà ni mo wá fẹ́ sọ. Ìpè rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 25, ó sì lo gbogbo rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà," ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́ kí n rojọ́ mi tán, èyí tí n kò rí rí láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn náà ni kò béèrè nípa ìgbàgbé rárá. Ó béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wá tó, bóyá mo máa ń han-unrun, bóyá ohun tí mo fẹ́ràn ṣì ń wù mí ṣe, àti oògùn tí mo ń lò, gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan èyí tí mo bá rà láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Mo ti ń lo oògùn òtútù irú ti àtijọ́, èyí tó máa ń kun ènìyàn lóorun, láti fi sùn lóru. Ó ní kí n jáwọ́ níbẹ̀, nítorí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń dí acetylcholine lọ́wọ́, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan. Oorun tó ń fún mi lálẹ́, ó ń gbà á padà lórí mi lọ́sàn-án. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ya púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń rí ní àkókò yìí fún ọ̀pọ̀ obìnrin, lè fa irin inú ara gbẹ, àti pé àìtó irin, àìtó fítámì B12, tírọ́ìdì inú ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, mímí tó ń dúró díẹ̀díẹ̀ lójú oorun, àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, gbogbo wọn ló lè wọ aṣọ ìkùukùu orí. Ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Èsì àyẹ̀wò náà ló fà mí dé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn. Gẹ́gẹ́ bí èsì náà ti wí, tírọ́ìdì mi ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, irin tí ara mi fi pamọ́ sì kéré. Dókítà náà wo ìwé, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ń lo oògùn irun àti èékánná kankan?" Mo ní n kò lò. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìgò tí mo rà nínú ṣọ́ọ̀bù áàpù náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n kọ sí i lára pé ó wà fún "iyè, irun àti awọ ara". Ó ní kí n ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Biotin, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn fítámì B, tó wà nínú hóró kan jẹ́ máíkírógíráàmù 5,000, nígbà tó jẹ́ pé 30 ni wọ́n kà sí èyí tó tó àgbàlagbà lójúmọ́. Biotin tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ba tírọ́ìdì jẹ́. Àyẹ̀wò rẹ̀ ló ń tàn jẹ, tí ẹni tí ara rẹ̀ le yóò sì dà bí aláìsàn lórí ìwé. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti ọdún 2017. Mo fi oògùn náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo tún àyẹ̀wò ṣe, tírọ́ìdì mi sì wà bó ṣe yẹ kó wà. Irin tó kéré yẹn ló jẹ́ òótọ́, dókítà náà sì fún mi ní oògùn fún un.

Ẹ kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ta oògùn fún mi tó ba àyẹ̀wò jẹ́, òun náà ló sì gba owó lọ́wọ́ mi fún dókítà tó tú àṣírí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún dókítà náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì fèsì. N kò dá a lẹ́bi, nítorí pé níbẹ̀ ló ti ń jẹun. Àwọn ohun mìíràn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń ta ginkgo, oògùn tí wọ́n ń fi ewé igi kan ṣe, fún iyè, bẹ́ẹ̀ ìwádìí tó tóbi jù tí mo mọ̀ lórí rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà 3,069 tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2008, fi hàn pé kò dènà àrùn ìgbàgbé. Wọ́n ń ta ohun èlò àyẹ̀wò FSH, ìyẹn họ́mọ́ùnù tó ń rán ilé ẹyin obìnrin níṣẹ́, tí ènìyàn lè ṣe nílé láti mọ̀ bóyá òun ti wọ perimenopause, bẹ́ẹ̀ ìlànà àjọ NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà, láti ọdún 2015, sọ pé kí wọ́n má ṣe lo àyẹ̀wò yẹn fún obìnrin tó ti ju ọdún 45 lọ, pé ohun tó ń ṣe é àti bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń wá ti tó láti fi mọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: èròjà tó ń fò sókè tó sì ń já wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èsì ọjọ́ kan kò lè sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì nínú áàpù náà ṣàlàyé èyí kedere. Ó dà bí ẹni pé àwọn tó ń kọ ẹ̀kọ́ àti àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kì í kí ara wọn.

Lórí ìtọ́jú họ́mọ́ùnù, mo ní láti yin dókítà náà, nítorí pé kò tà á fún mi, kò sì fi dẹ́rù bà mí. Ó sọ pé ooru òjijì tó ń ba oorun mi jẹ́ ni ìdí tó lè fi kọ ọ́ fún mi, kì í ṣe ìgbàgbé, nítorí pé àwọn tó ń ṣe ìlànà kò fọwọ́ sí i fún ìgbàgbé nìkan. Mo béèrè ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń béèrè, pé ṣé kì í fa àrùn ìgbàgbé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wá láti inú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003, tó rí i pé estrogen pẹ̀lú progestin, ìyẹn họ́mọ́ùnù kejì tí wọ́n máa ń fi kún un, sọ ewu àrùn náà di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n pé àwọn obìnrin inú rẹ̀ ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ìwádìí KEEPS lórí ìtọ́jú họ́mọ́ùnù, tí wọ́n gbé apá ti ọpọlọ jáde ní ọdún 2015, lo àwọn tí nǹkan oṣù wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin kò sì rí àǹfààní kankan fún ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ìpalára. Ó béèrè nípa jẹjẹrẹ ọmú nínú ẹbí wa àti nípa ẹ̀jẹ̀ dídì, ó sì ṣàlàyé pé ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú kò gbọdọ̀ lo estrogen nìkan. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi láti rò ó. Mo gbà láti lo èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara.

Nígbà tí oṣù kẹrin fi parí, ooru òru ti dín kù sí ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́pọ̀ òru, orí mi sì ń wà ní orí méje sí mẹ́jọ. N kò lè sọ fún yín ohun tó ṣe é. Irin, họ́mọ́ùnù, oògùn òtútù tí mo jáwọ́ nínú rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ oorun, láàárín oṣù kan náà ni gbogbo wọn bọ́ sí, ẹni tó bá sì ní òun mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn ń tanra rẹ̀ jẹ. Áàpù náà kò tijú láti sọ pé òun ni: "Àkọsílẹ̀ rẹ ti mú ọpọlọ rẹ sàn sí i!" ni ó kọ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú òdòdó.

Àwọn ọ̀nà tí mo fi ń gbé pẹ̀lú èyí tó kù kò wá láti inú áàpù. Ìwé tó nira, òwúrọ̀ ni mo ń kà á báyìí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sá fún mi níbi iṣẹ́, mo máa ń sọ ọ́ jáde pé ó sá, mo máa ń ṣàpèjúwe rẹ̀, mo sì máa ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí mo ti rí i pé ìjà tí mo ń bá ọ̀rọ̀ náà jà nínú ni ó ń lé èyí tó kàn lọ pẹ̀lú. Mo kọ́ èyí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò fi áàpù kankan kọjá ìgbà tirẹ̀.

Ohun kan tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò ni pé nínú ètò àṣírí rẹ̀, àṣẹ láti fi àkọsílẹ̀ olùlò ránṣẹ́ sí "àwọn alájọṣe" ti wà ní ṣíṣí kí ènìyàn tó wọlé. Ẹ kọ́kọ́ lọ pa á ná.

Obìnrin tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń ségesège, tí orí rẹ̀ sì ń ṣú tó ń là, yóò rí èrè nínú ìwé àkọsílẹ̀ náà fún oṣù mẹ́ta, pàápàá bí ó bá lè gbé àwòrán ìlà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọnù lójú ọ̀nà tó ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, tàbí ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń rí ìgbàgbé rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò rí i, kí ó má ṣe dúró ti áàpù kankan. Kí ó wá dókítà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lójúkojú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì dédé wọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójijì, tí ojú tàbí apá rẹ̀ kan sì rọ, ilé-ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní ìṣẹ́jú náà gan-an.

Mo ti fagi lé owó oṣooṣù mi báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú rẹ̀, nítorí pé wọ́n fi bọ́tìnì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ojú ewé mẹ́rin, wọ́n sì ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ní ẹ̀ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà náà. Ní ìgbà kejì, mo rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé ohun tí mo ń wá nígbà tí mo fi dé ojú ewé kẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo kọ ọ́ sórí ìwé kékeré kan, mo gbé e ka iwájú mi, mo sì fi àmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kọjá.